Sàlẹ́ńsà Tuntun Wilkin, Ọmọ Doña Nereida

Ní Loma del Jobo, abúlé wa lórí òkè, a kì í yọjú wo ẹni tó ń bọ̀. Etí la fi ń mọ ara wa. Ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu tiẹ̀. Ti Rafelín ń ké kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, bí adìyẹ tí ẹ̀wà há lọ́fun. Ti fáda tó ń wá ṣe Máàsì lẹ́ẹ̀kan lóṣù ń mí fúù, fúù, bíi pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí a jẹ́wọ́ fún un ló dì sẹ́yìn. Ti ẹni tó ń ta ẹja kò ṣeé sín jẹ rárá, àfi kéèyàn kọ́kọ́ lọ kó ikọ́ ná.

Ti Wilkin wá ńkọ́? Tàn-tàn-kù. Tàn-tàn-kù. Bó o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, o ò lè gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ tí Wilkin ṣubú sódò nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, irin kékeré kan já nínú sàlẹ́ńsà rẹ̀, ìyẹn páìpù gígùn tí èéfín ń bá jáde. Irin náà kò jáde, kò sì jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń lu ògiri látinú bí ẹlẹ́wọ̀n tó fẹ́ rí wọ́dà. Ọdún méjìdínlógún ló fi lù ú.

Bí tàn-tàn-kù yẹn bá ti dé kọ́nà kẹta nísàlẹ̀, Doña Nereida, ìyá Wilkin, á dìde, á gbé kọfí kaná. Kí omi tó hó, Wilkin á ti wọlé, á ṣí fìlà, á tẹrí ba.

"Ìbùkún, Màmá."

"Kí Ọlọ́run bù kún ọ, kó ṣamọ̀nà rẹ, ọmọ mi."

Bá a ṣe ń kí òbí nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ẹ káàárọ̀, ti àlejò ni. Ẹni tó bí ọ, ìbùkún lo máa tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀, bó o ń wọlé, bó o ń jáde, kódà bó o yà sẹ́yìnkùlé lọ ṣe gáá tó o bọ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò bá dá lóhùn láàárọ̀, oúnjẹ ọjọ́ yẹn kò ní lọ lọ́fun ẹ̀. Wilkin ti pé méjìdínlógójì, irun funfun ti yọ sí i létí méjèèjì, síbẹ̀ kò jẹ́ taná sí ọ̀kadà láì gbọ́ ìdáhùn yẹn.

Nígbà tó yá, iyè Doña Nereida bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, bí ayálégbé tó ń kó ẹrù jáde tí kò fẹ́ kí onílé gbọ́. Ó kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn ìkòkò. Ó kó àwọn ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Nígbà tó dé orí ojú àwọn èèyàn, ó kó ìyẹn náà kún un. Yudelka, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, di Señora, ìyáàfin àjèjì.

"Señora, ẹ ṣeun fún omi ìwẹ̀ yìí o. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa. Ṣé wọ́n ń sanwó fún yín déédéé níbí?"

"Wọ́n ń san án, Màmá."

"Ẹ má gbà kí wọ́n rẹ́ yín jẹ o. Àwọn ará ibí yìí, mo mọ̀ wọ́n."

Yudelka á rẹ́rìn-ín, á yà sẹ́yìn ilé, á sunkún tán, á bọ́jú, á padà wá nu ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ gbẹ.

Etí nìkan ni ayálégbé yẹn kò rí kó. Bí tàn-tàn-kù bá ti dún nísàlẹ̀, ìyá á gbórí sókè: "Wilkin dé." Ì báà jẹ́ pé ojú ọkùnrin tó wọlé ṣe àjèjì sí i, ọ̀kadà ti jẹ́rìí fún un ṣáájú. Á wò ó, á rẹ́rìn-ín, á ní kí Ọlọ́run bù kún un. Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí obìnrin yẹn mọ̀.

Ẹni náà sì lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé okùn yẹn. Kò mọ̀ ni. Ta ni ì bá mọ̀?

Iṣẹ́ Wilkin ni kó gbé èèyàn àti àpò kọfí láti òkè lọ sí ìlú Ocoa nísàlẹ̀, kó tún gbé wọn padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra ọ̀kadà tuntun. Tiẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kó tó rìn. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ń gbìyànjú. Tó bá ti dé ìdí òkè, ó di pé kéèyàn máa bẹ̀ ẹ́. Ní ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí ní Ocoa, Rafelín kò jẹ́ kó gbádùn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àwọn méjèèjì, Rafelín ló sì kọ́kọ́ ké, látìgbà náà ni kò tíì dákẹ́.

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ má gun ti Wilkin o! Bẹ́ ẹ bá gùn ún lónìí, Kérésìmesì lẹ máa délé!"

"Rafelín, wá fi ẹnu ẹ tì mí gòkè. Ó lágbára ju ẹ́ńjìnnì ẹ lọ."

"Òkúta kan kí ẹ o. Ó ní òun kọjá lára ẹ ní kọ́nà kejì lánàá, o ò dá òun lóhùn."

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Wilkin náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó gbé sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ láàárín òkè. Ó ní, "Wilkin, má bínú o, mo ń kánjú." Ó fẹsẹ̀ rìn. Ó sì délé ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Wilkin gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Chepe lọ.

Wẹ́dà ni Chepe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mú àkùkọ jà. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń fi irin wẹ́dà há ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ẹni jẹ igi eyín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wá máa gba ibi kan ṣoṣo jáde.

"Wò ó, Wilkin. Epo tútù tí kò tíì jó ló ń bá èéfín ẹ sá jáde. Bí mo bá ṣe páìpù tí ọrùn ẹ̀ tín-ín-rín, tí ikùn ẹ̀ yọ bíi ti aboyún, tí ìdí ẹ̀ tún wá fún pọ̀, èéfín á sáré wọnú ikùn, á forí gbá ògiri ìdí, á fi ìbínú sáré padà, á sì lé epo tó fẹ́ sá yẹn padà sílé. Agbára nìyẹn. Ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, Ọ̀gá."

"Irọ́ lò ń pa. Kò yé èmi gan-an tán. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n gé bébà àpò sìmẹ́ǹtì láti fi díwọ̀n, wọ́n gbé e lé páànù tí wọ́n bó lára fíríìjì àtijọ́, wọ́n gé e, wọ́n ká a bí ẹni ká bébà tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà, Chepe sì jó o pọ̀. Àkọ́kọ́ kúrú jù. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ajá kò rí i gbó, ó ti kọjá. Ní ìdí òkè, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Chepe ní ẹni tó fẹ́ fi eré dánrawò ló ni kúkúrú, ẹni tó fẹ́ gòkè, gígùn ni tiẹ̀. Wọ́n fi ìka mẹ́rin kún ikùn rẹ̀. Ìyẹn gòkè, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì wò, ó funfun bí egungun.

"Àwọ̀ kọfí ni mo fẹ́ rí lẹ́nu púlọ́ọ̀gì," ni Chepe wí. "Funfun, ẹ́ńjìnnì ń jóná. Dúdú, ó ti mu epo yó. Kọfí ni àlàáfíà." Ó ṣí ojú kabúrétọ̀ sí i díẹ̀ kí epo lè pọ̀. Ó ní ọrùn páìpù náà kò jókòó dáadáa mọ́ ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn ń yọ́ wọlé. "Ọrùn sàlẹ́ńsà àtijọ́ yẹn ni mo fẹ́. Kò sí irin bẹ́ẹ̀ mọ́ lóde òní."

"Ẹ gé e," ni Wilkin wí. Òun fúnra rẹ̀ ló di sàlẹ́ńsà náà mú tí ayùn irin fi kọjá lára rẹ̀. Bó ṣe là, irin kékeré kan já bọ́ sílẹ̀, kíń. Kò ju bọ́tìnnì lọ.

"Ṣé ìwọ lò ń pariwo látọjọ́ yìí!" Wilkin fẹsẹ̀ gbá a. Ó yí lọ sábẹ́ irinṣẹ́.

Àfi bíi pé wọ́n pè é, ọkọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù irin kọjá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀: "Bẹ́ẹ̀dì onírin! Sítóòfù! Fíríìjì tó ti kú! Ohunkóhun tó bá ti sú yín, à ń ràááá!" Chepe ju ara sàlẹ́ńsà tó kù sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Kò tiẹ̀ gbowó ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Wilkin gbé èèyàn méjì àti àpò kan, ó dojú kọ òkè pẹ̀lú jíà kẹta. Wiiiín-ín-ín! Bí agbọ́n tí wọ́n fún ní jíà mẹ́rin. Ó bá Rafelín ní kọ́nà kìíní, ó fi eruku kí i. Rafelín kígbe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí i bá. Wilkin ń rẹ́rìn-ín nínú afẹ́fẹ́, kòkòrò wọ ẹnu ẹ̀, ó gbé e mì, ó tún ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó já àwọn èèyàn sílẹ̀, ó kọjá kọ́nà kẹta, ó dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìyá rẹ̀ jókòó níbẹ̀, ó ń bó òtílí sínú àwo. Kò dìde.

"Ìbùkún, Màmá!"

Ìyá wò ó, ó wo ọ̀kadà, ó sì gbé àga kan sún mọ́ ọn.

"Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ̀ ń béèrè?"

"Màmá, èmi ni. Wilkin."

"Wilkin kò tíì dé o. Ó máa dé láìpẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń kánjú, ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀, màá jẹ́ ẹ fún un."

Wilkin rò pé àwàdà ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gbójú sókè kó lè wò ó dáadáa. "Màmá. Ìbùkún."

Ìyá kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àga. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń bá ọ̀mùtí tí a kò mọ̀ sọ̀rọ̀: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dìde ńlẹ̀. Ẹ lọ tọrọ tiyín lọ́wọ́ ìyá yín. Ìyá wo ni inú rẹ̀ á dùn tí ọmọ rẹ̀ bá ń kúnlẹ̀ kiri fún obìnrin olóbìnrin?"

"Ẹ" ló ń lò. Ìyá ń pe ọmọ tó bí ní ẹ̀yin. Yudelka tó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tó di alẹ́, ìyá fi àwo bo oúnjẹ rẹ̀. "Ti Wilkin ni. Ẹ jẹ́ kó dé ná." Ní òwúrọ̀, ó tún bò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ẹnu kan omi lásán. Láti ìgbà náà, omi ọbẹ̀ díẹ̀ tí Yudelka bá fi ṣíbí fún un nìkan ló ń gbà. Láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, ó dẹ etí sí ìsàlẹ̀ òkè, bí ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá ló ń sọ pé, "Òun kọ́."

Wilkin sáré tọ Chepe lọ. Chepe wá gbogbo abẹ́ irinṣẹ́ kiri, wọn kò rí irin kékeré náà. Wọ́n bi àwọn alálòkù irin léèrè.

"Ó ti dé etíkun, Wilkin," ni Chepe wí. Ó yọ irin kúrò lẹ́nu, torí ọ̀rọ̀ náà wúwo. "Wọ́n ti yọ́ ọ. Bóyá ó ti di ṣíbí lọ́wọ́ ẹnì kan."

"Ẹ ṣe òmíràn fún mi."

"Mo lè ṣe sàlẹ́ńsà. Ohùn ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe."

Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀. Chepe ra sàlẹ́ńsà àtijọ́ kan, ó là á, ó fi nọ́ọ̀tì kan sínú rẹ̀, ó jó o padà. Yudelka dúró lágbàlá pẹ̀lú aṣọ ìnura pupa, bí ìyá bá dìde, kó jù ú sókè. Wilkin á lọ láti ìdí òkè, á gùn ún dé kọ́nà kẹta, á wòkè. Nọ́ọ̀tì ń dún gán-gán-gán. Kò sí aṣọ pupa.

"Kí ni wọ́n ní?" Wilkin kígbe béèrè.

Yudelka fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. "Wọ́n ní ẹlẹ́ja ni! Wọ́n ní ó ti gbàgbé ẹja nílé!"

Wọ́n fi ìṣó sí i. Ṣáká-ṣáká. Wọ́n fi owó ẹyọ pésò kan sí i. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sí kọ́nà kẹta lọ́sàn-án wá wòran. Rafelín ni olórí wọn.

"Èyí ńkọ́, Yude?"

"Wọ́n ní Rafelín ni! Wọ́n ní òtútù mú un!"

"Èmi! Èmi tí mo dúró síbí tí mo ń làágùn! Doña Nereida, kí ni mo ṣe fún yín?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Wilkin kò rẹ́rìn-ín. Ó wà lórí ọ̀kadà, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí àgbàlá òkè yẹn. Rafelín wò ó. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ ìrìbọmi.

Lọ́jọ́ kejì, Rafelín gbé sàlẹ́ńsà kan wá, ìgbẹ́ adìyẹ gbẹ mọ́ ọn lára. "Ti bàbá mi ni. Irú ọ̀kadà ẹ yìí ló gùn títí ó fi kú. Inú àká adìyẹ ló wà. Gbà, kí n tó yí èrò mi padà."

Chepe gé e, ó fi ègé irin kékeré kan sínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú wáyà kó má lè rìn jìnnà. Ìkọkànlá nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti kọjá. Wilkin taná.

Tàn-tàn-kù.

Chepe kùn lábẹ́ ahọ́n pé, "Ìyẹn ni." Wilkin gòkè, Rafelín àti àwọn tó kù tẹ̀ lé e, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì tiwọn ní kọ́nà kejì kí wọ́n má baà da ohùn náà rú. Ó dé kọ́nà kẹta. Lókè, aṣọ pupa fò sókè, ó tún fò, Yudelka ń fò bí ọmọdé pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí Wilkin dé àgbàlá, ìyá rẹ̀ wà lórí ìdúró. Ó ti gbé kọfí kaná, ó ti bù ú sínú ife, ife náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. Wilkin sọ̀kalẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Ìbùkún, Màmá."

Ìyá wo ojú rẹ̀. Ó wo ọ̀kadà. Ó tún wo irun funfun etí rẹ̀. Ẹ̀rín náà sì ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ mi dà?"

"Màmá..."

"Ọ̀kadà Wilkin nìyí. Mo mọ̀ ọ́n. Níbo lẹ ti rí i?" Ohùn rẹ̀ ga. "Kí lẹ ṣe fún un? Níbo lẹ gbé e sí? Olè! Ẹ gbà mí o, wọ́n ti pa Wilkin, wọ́n gba ọ̀kadà rẹ̀! Wọ́n ti pa ọmọ mi!"

Ó ju ife náà. Kọfí gbígbóná dà sí Wilkin lápá, kò gbọ̀n ọ́n nù. Àwọn aládùúgbò ti ń sáré bọ̀, nígbà tí wọ́n rí ẹni tí wọ́n ń pè lólè, wọ́n dúró. Rafelín pàápàá kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ìyá sunkún ọmọ rẹ̀ tó kú lójú ọmọ náà, títí oorun fi gbé e lọ.

Ohùn ti padà, ṣùgbọ́n ojú tí ohùn náà ń jẹ́rìí fún ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Wilkin tó ń dúró dè kò ní irun funfun kankan. Lọ́jọ́ kejì, bí Wilkin ṣe fẹsẹ̀ gbá ọ̀kadà pé kó taná, tàn-tàn péré ló dún tí ìyá fi ké nínú yàrá.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ yọ ọ́," ni Yudelka wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ó dá ti bàbá Rafelín padà fún un, ó so èyí tó ń sáré padà mọ́ ọ̀kadà. Láti ọjọ́ yẹn, wiiiín ni, kì í sì í tọrọ ohunkóhun mọ́ tó bá wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, Doña."

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ ni agbọ́n yẹn?"

"Èmi ni. Wilkin ló ní kí n gbé búrẹ́dì yìí wá fún yín. Ó ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Doña. Iṣẹ́ ló há a mọ́ ọ̀nà."

Ó jẹ búrẹ́dì náà. Ó jẹ gbogbo rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣa ẹ̀rúnrún. Bó ṣe di ìránṣẹ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni Wilkin ń rán an, lójoojúmọ́ ni ìyá ń jẹun, tó bá sì yó tán, á sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ fún àlejò náà. Ó ní ó bu agbẹ̀bí jẹ kó tó ní eyín. Ó ní orí rẹ̀ kò gba ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ irin. Ó ní nígbà tó ṣubú sódò, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin kọfí kọ́ ló sanwó tí wọ́n fi tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe, bí wọ́n ṣe sọ fún un.

"Òrùka ìgbéyàwó mi ni mo tà. Ẹ má sọ fún un o. Ó lójú tì."

"Mi ò ní sọ fún un."

Wilkin jáde lọ yẹ táyà ọ̀kadà rẹ̀ wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà ìkórè kọfí, òjò pọ̀, òtútù wọ Doña Nereida láyà. Nọ́ọ̀sì tó gòkè wá fún un lábẹ́rẹ́, ó sì fa Yudelka sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n má gbé e lọ síbì kankan mọ́. Ọ̀sán Ìṣẹ́gun ni. Àwọn aládùúgbò ti jókòó kún ìloro. Ìyá ṣí ojú.

"Señora. Ẹ bá mi pe ọ̀gbẹ́ni agbọ́n."

Wilkin ti wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ní ọ̀kadà yín yá."

"Ó yá, Doña."

"Ẹ bá mi lọ pe Wilkin. Ẹ sọ fún un pé kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó máa bọ̀."

Wilkin kò lè fara dà á mọ́. "Màmá, èmi nìyí. Èmi ni. Ẹ wò mí."

Ìyá ṣẹ́jú, ìbínú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, kò sáyè eré. Mo ń bẹ̀ yín." Ó mí, ó tún mí. "Bẹ́ ẹ bá dé tí mi ò sí mọ́, ẹ gba èyí dání fún un. Ẹ sọ fún un pé mo ní, kí Ọlọ́run bù kún un, kó ṣamọ̀nà rẹ̀."

"Àmín," ni Wilkin wí.

"Ẹ má ṣàmín sí i. Tiyín kọ́. Ẹ gbé e fún un."

Ó dìde, ó jáde. Yudelka tẹ̀ lé e, ó di apá rẹ̀ mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ń lọ síbo? Ẹ má lọ. Kò ní pẹ́ mọ́."

"Wọ́n ń tẹ́tí. Bí wọn ò bá gbọ́ kí n lọ, wọ́n á mọ̀ pé mi ò jíṣẹ́."

Ó taná. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tí Chepe kó sínú irin yẹn. Ó fẹ́ dúró ní kọ́nà kejì kó fẹsẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó mọ etí ìyá rẹ̀. Bó bá dúró níbẹ̀, á gbọ́ ọ. Ó kọjá kọ́nà kìíní. Ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ kọfí. Ó di ìgbà tó kọjá afárá odò, níbi tí òkè ti ń gbé ohùn mì, kó tó pa á. Ó jù ú sínú koríko. Kò lè gùn ún padà. Tó bá gùn ún padà, ìránṣẹ́ nìkan ni ìyá máa gbọ́ pé ó dé, kò ní gbọ́ Wilkin. Ó fi ẹsẹ̀ sá gun òkè náà nínú ẹrẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, bàtà rẹ̀ kan kù sọ́nà.

Nígbà tó dé àgbàlá, àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà òkú. Rafelín ń ṣí fìlà lórí. Yudelka jáde sí i.

"Wọ́n tẹ́tí sí ọ̀kadà yín títí ó fi kọjá odò," ni Yudelka wí. "Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Nígbà tí kò dún mọ́, wọ́n ní, 'Ọ̀kadà yẹn mà yá o. Wilkin ò ní pẹ́ dé.'"

Wilkin jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀. Rafelín wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tí kò ní bàtà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a wá a.